Ohun tó ń gba okun lára òṣìṣẹ́ kí ṣíìfù tó parí

Báàgì píọ̀ wọ́tà kan ní ọ̀rá 20 nínú, ìlàjì lítà omi ló sì wà nínú ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Kílò 10 nìyẹn. Bí ẹ bá gbé ẹyọ kan láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìdáná, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fún ẹni tó dúró nídìí ẹ̀rọ: báàgì mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú kan, fún wákàtí méje tó fi ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú ṣíìfù rẹ̀. Ó di báàgì 1,680. Ó di kílò 16,800 tí ẹnì kan ṣoṣo fi ọwọ́ gbé láti ilẹ̀ lọ sórí pálẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ kan.

A kò tíì ka ara òṣìṣẹ́ náà mọ́ ọn. Ẹni tó bá tẹ̀ba láti gbé nǹkan nílẹ̀ ní láti gbé orí, apá àti àyà tirẹ̀ padà sókè pẹ̀lú ẹrù náà. Láti ìbàdí lọ sókè, ara ènìyàn ju ìlàjì ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Fún ọkùnrin tó wọn kílò 70, ó ju kílò 35 lọ. Nínú ohun tí iṣan ẹ̀yìn ń gbé ní gbogbo ìgbà tó bá nà ró, báàgì omi yẹn ló kéré. Ìdí nìyí tí a fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ibi tí ẹrù wà ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n ẹrù, nígbà mìíràn ó tiẹ̀ jù ú lọ. Àárẹ̀ tó ń mú òṣìṣẹ́ ní aago méjì ọ̀sán, inú bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà ló ti ń wá, ó ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé dín kù. Bí ọ̀gá kan bá pè é ní ọ̀lẹ, kò ní rí ìdí láti gbé tábìlì kan sókè.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi tí wọ́n ti ń di bísíkíìtì, ọṣẹ, ìyẹ̀fun tàbí ìpara sínú páálí, láti Agbárá dé Ọ̀tà, láti Ìkẹjà dé Olúyọ̀lé n'Ìbàdàn. Orúkọ ọjà ló yàtọ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú iṣan

ATP ni agbára tí iṣan ń lò lójú ẹsẹ̀, èyí tó wà ní ìpamọ́ kò sì ju ti ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Creatine phosphate, èròjà mìíràn tó wà nínú iṣan, ń bá a sọ ọ́ di ọ̀tun, ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá lo gbogbo agbára rẹ̀, òun náà ń tán lọ láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Lẹ́yìn ìyẹn, glycogen, ìyẹn ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, ló kàn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń gbé atẹ́gùn wọlé dáadáa, ara á fi glycogen àti ọ̀rá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó, ara á máa fọ́ glycogen láìsí atẹ́gùn, phosphate àti ásíìdì á sì máa kóra jọ nínú iṣan. Àwọn wọ̀nyí ń dí calcium lọ́wọ́, òun sì ni ó ń pàṣẹ fún okùn tíntìntín inú iṣan pé kí wọ́n di ara wọn mú. Àṣẹ tó wá láti ọpọlọ kò yí padà, agbára tó ń jáde ló dín kù. Lẹ́yìn náà ọpọlọ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dín àṣẹ kù.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ásíìdì yìí ló ń fa ara ríro ní ọjọ́ kejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín bí wákàtí kan lẹ́yìn iṣẹ́, ara ti gbá a kúrò. Ara ríro tó máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72 ń wá láti inú ìpalára kékeré tó bá okùn iṣan nígbà tí iṣan bá ń nà bó ṣe ń di ẹrù mú, ìyẹn nígbà tí a bá ń rọra sọ ẹrù kalẹ̀. Ẹni tuntun tí wọ́n ní kó já ẹrù sílẹ̀ láti inú tírélà ní ọjọ́ kìíní lè má lè gbé apá lọ́jọ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ náà kò jọ pé ó le ju kíkó ẹrù sínú ọkọ̀ lọ.

Oríṣi àárẹ̀ kan wà tí kò ní òógùn rárá, tí kì í sì í rí ojú àwọn ọ̀gá. Ẹni tó ń gbé ẹrù tó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀, iṣan rẹ̀ ń súnkì, ó ń dẹ̀. Bó ṣe ń dẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tuntun ń wọlé. Ẹni tó gbé apá sókè sójú kan, tàbí tó tẹ ọrùn sílẹ̀ wo ìgò tó ń kọjá, iṣan rẹ̀ ti fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kò sì tú u sílẹ̀. Ní ọdún 1960, Walter Rohmert, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, ṣe àtẹ bí ó ṣe pẹ́ tó tí ènìyàn lè di nǹkan mú láìmì. Ẹni tó bá lo ìdajì agbára rẹ̀ kò lè kọjá bí ìṣẹ́jú kan. Àtẹ yẹn fi hàn bí ẹni pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ìpalára, àmọ́ ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi yé wa pé ìdá 15 pàápàá kò ṣeé dì mú látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Fún odidi ọjọ́ iṣẹ́, ìdá 5 ni kò yẹ kó kọjá. Apá òfìfo tí a nà síwájú, láìmú nǹkan kan dání, ti ju ìyẹn lọ fún iṣan èjìká.

Ìdí nìyí tí obìnrin tó ń fi ẹ̀rọ lẹ ọ̀rá, tí kò gbé ju gíráàmù mélòó kan lọ, fi ń lọ sílé pẹ̀lú èjìká tó le bí igi. Agbára apá òkè ara obìnrin, bí a bá wo àárín gbùngbùn, jẹ́ bí ìdá 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ti ọkùnrin. Bí wọ́n bá ṣe tábìlì sí gíga ọkùnrin, obìnrin tó kúrú á máa gbé èjìká sókè ní gbogbo wákàtí mẹ́jọ. Iṣan tó bá rẹ̀ báyìí lè fi agbára ńlá rẹ̀ hàn bí a bá ní kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ kéékèèké tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó lè tó wákàtí 24 kó tó padà bọ̀ sípò. Ẹni tó ṣe ọfataìmù lánàá kò bẹ̀rẹ̀ tòní láti òdo.

Bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ohun èlò tó rọrùn jù ni dynamometer, ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ọwọ́ fún. Kí òṣìṣẹ́ jókòó, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí apá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀ ní ìwọ̀n 90, kí ọrùn-ọwọ́ má tẹ̀ wọlé. Ẹ fi ìmú ẹ̀rọ náà sí ipò kejì. Kó fún un pẹ̀lú gbogbo agbára fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta sí márùn-ún, kó sinmi ìṣẹ́jú kan, kó tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ pín in sí mẹ́ta. Ọkùnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ máa ń wà láàárín kílò 45 sí 50, obìnrin ní bí kílò 30. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹnì kan wé ẹlòmíràn: iye àárọ̀ ẹni náà ni kí ẹ fi wé iye ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, lọ́wọ́ kan náà, ní àga kan náà.

Ohun mẹ́ta ló máa ń ba ìwọ̀n yìí jẹ́. Ọwọ́ tó kún fún òógùn, tó ń yọ̀ lórí irin. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n tó ń pariwo "fún un, fún un!" láàárọ̀, tí òun náà ti rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ tí kò sọ nǹkan kan. Èyí tó burú jù ni ìbẹ̀rù. Bí òṣìṣẹ́ bá rò pé ìwé yẹn ni wọn yóò fi lé ẹni tó bá rẹ̀ kúrò níṣẹ́, kò ní fi agbára rẹ̀ tòótọ́ hàn láàárọ̀, kí ti ìrọ̀lẹ́ má bàa jọ pé ó já wálẹ̀. Nọ́ńbà dípò orúkọ ni kí ẹ kọ sórí ìwé náà, kí ó má sì dé ọwọ́ ẹni tó ń gbani síṣẹ́.

Ẹ wo ọrùn-ọwọ́ lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú. Ọwọ́ lágbára jù láti di nǹkan mú nígbà tí ọrùn-ọwọ́ bá yí sókè díẹ̀. Bó bá tẹ̀ wọlé dáadáa, agbára ìdìmú lè já wálẹ̀ tó ìdajì. Ẹni tó ń fi ọrùn-ọwọ́ tó tẹ̀ wọlé fa ọ̀rá, ìlọ́po méjì akitiyan ló ń ṣe fún ohun kan náà.

Bí kò bá sí owó fún ẹ̀rọ, ìwọ̀n Borg kò ná kọ́bọ̀. Gunnar Borg, ará Sweden, ló ṣe é: òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá sọ bí iṣẹ́ ṣe le tó lára rẹ̀. Òdo: kò sí nǹkan kan. Ẹyọ kan: ó kéré gan-an. Méjì: ó kéré. Mẹ́ta: ó mọ níwọ̀n. Márùn-ún: ó le. Méje: ó le gan-an. Mẹ́wàá: ó le dé góńgó. Ẹ béèrè ní wákàtí méjì-méjì, ẹ sì béèrè fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: èjìká, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ọrùn-ọwọ́, ẹsẹ̀. "Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́?" kò wúlò níbí. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tí yóò dá ọ̀gá lóhùn pé "ẹ̀n-ẹ́n sà, ó ti rẹ̀ mí." Ṣùgbọ́n "èló ni èjìká yín báyìí?" máa ń mú ìdáhùn gidi wá. Bí ẹ̀yà kan bá ti dé márùn-ún kí àkókò oúnjẹ tó tó, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe nìyẹn.

Ẹ tún ka ọ̀rá tó bẹ́ tàbí páálí tó ya ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iṣan bá ti rẹ̀, òṣìṣẹ́ á dẹ́kun gbígbé báàgì kalẹ̀, á máa jù ú sílẹ̀. Á máa fi itan ti ẹrù sókè. Ìtòpọ̀ orí pálẹ́ẹ̀tì á wọ́. Ìwé ọjà tó bàjẹ́ ti ń sọ ohun tí òṣìṣẹ́ kò lè sọ.

Tépù àti ìṣirò

Àjọ NIOSH ti Amẹ́ríkà, tó ń ṣèwádìí ààbò àti ìlera lẹ́nu iṣẹ́, ní ìṣirò kan fún gbígbé ẹrù, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 1991. Kílò 23 ló ti bẹ̀rẹ̀. Iye yẹn wà fún ipò tó dára jù lọ: ẹrù sún mọ́ ara, ọwọ́ wà ní gíga sẹ̀ǹtímítà 75, ara kò yí, gbígbé kò pọ̀, ìdìmú dára. Bí ipò ṣe ń burú ni a ó máa sọ 23 yẹn di púpọ̀ pẹ̀lú iye tó kéré ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ mú tépù, ẹ padà sídìí báàgì omi wa. Wọ́n ń dì í nílẹ̀. Láti àárín ọrùn-ẹsẹ̀ méjèèjì dé ibi tí ọwọ́ wà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40: ẹ pín 25, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà ìsúnmọ́ra tó dára jù, sí 40, ó jẹ́ 0.63. Ọwọ́ wà ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀: 0.82. Ẹrù ń rìn láti 15 dé 120 lórí pálẹ́ẹ̀tì: 0.86. Ara yí ní ìwọ̀n 45: 0.86. Ìgbà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan, fún ju wákàtí méjì lọ títí dé mẹ́jọ: 0.45. Ọ̀rá kò ní ìdìmú: 0.90. Bí ẹ bá fi gbogbo rẹ̀ sọ 23 di púpọ̀, ó kù bíi kílò 3 àbọ̀. Ìwọ̀n tó yẹ kí ẹni náà máa gbé nìyẹn. Báàgì 10 kílò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀.

Ẹ wá gbé ìdì náà kúrò nílẹ̀, ẹ fi tábìlì sẹ̀ǹtímítà 75 sí abẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ yí pálẹ́ẹ̀tì sí iwájú òṣìṣẹ́ kí ó má bàa máa yí ara. Ẹ gé etí tábìlì tó ń tì í sẹ́yìn, kí ẹrù lè sún mọ́ ọn dé sẹ̀ǹtímítà 30. Báyìí ni: 0.83 fún ìsúnmọ́ra, ẹyọ kan fún gíga, 0.92 fún ìrìn ẹrù láti 75 dé 120, ẹyọ kan fún yíyí, 0.45 àti 0.90 bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó di kílò 7 lé díẹ̀. Ìlọ́po méjì ìwọ̀n ti àkọ́kọ́, a kò sì fi ènìyàn kankan kún un.

Ìgbà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan fún odidi ọjọ́ ló ń jẹ iye yẹn kù. Bí ẹni mẹ́ta bá ń pààrọ̀, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹrù fún wákàtí kan kó tó lọ sídìí iṣẹ́ fúúyẹ́ fún wákàtí méjì, 0.45 yóò di 0.84. Ìwọ̀n tó yẹ á di kílò 13 lé díẹ̀, báàgì 10 kílò á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Òfin ìṣirò náà ni pé àkókò iṣẹ́ fúúyẹ́ tó tẹ̀ lé e kò gbọ́dọ̀ kéré sí àkókò gbígbé ẹrù.

Níbi ìpààrọ̀ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á mú ẹni tó ń gbé báàgì kúrò, wọ́n á fi síbi tó ti ń já páálí. Ẹ̀yìn kan náà, èjìká kan náà. Ìpààrọ̀ tó ṣiṣẹ́ ni èyí tó sún iṣẹ́ kúrò lára iṣan kan lọ sára òmíràn: láti gbígbé ẹrù lọ síbi tí a ti ń jókòó ka ọjà, láti ibẹ̀ lọ síbi tí a ti ń rìn.

Fún gíga tábìlì, Étienne Grandjean, onímọ̀ nípa bí iṣẹ́ ṣe ń bá ara mu ní Switzerland, fi ìgbọ̀nwọ́ ẹni tó dúró ṣe òdiwọ̀n. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ ojú, sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 lókè ìgbọ̀nwọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ fúúyẹ́, 10 sí 15 nísàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń fẹ́ kí a fi ara tì í, 15 sí 40 nísàlẹ̀. Ẹ kàn tábìlì náà sí gíga ẹni tó ga jù nínú wọn, kí ẹ sì fi pákó tó dúró dáadáa sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó kúrú. Ẹni tó ga kò lè gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ti àpò 50 kílò, ti ìyẹ̀fun tàbí sìmẹ́ńtì, kò sí ipò kankan tí ìṣirò yìí gbà á láyè fún ẹnì kan. Àmọ̀ràn Àjọ Àgbáyé fún Iṣẹ́ ní 1967 fi kílò 55 ṣe òpin fún àgbà ọkùnrin, àwọn kan sì ń fi èyí dá ara wọn láre. Òpin yẹn kò sọ iye ìgbà, kò sọ gíga, kò sọ bí ara ṣe yí. Ẹni méjì pẹ̀lú kì í ṣe ìlọ́po méjì: àjọ ààbò iṣẹ́ ní Bìrìtìkó, HSE, ka agbára ẹni méjì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta àpapọ̀ agbára wọn, ẹni mẹ́ta sí ìdajì. Ọmọlańkẹ́, rólà, àti pákó dídagẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ni ọ̀nà àbáyọ. Níbi tí alábàárù bá ṣì ń ru àpò lórí, ẹ ṣe ibi ìgbẹ́rùlé tó ga dé èjìká. Bí ẹrù bá ti dúró lórí ọ̀pá ẹ̀yìn tó tọ́, ìrìn kọ́ ló léwu jù, gbígbé e sórí àti sísọ ọ́ ni.

Ìsinmi ní ìṣirò tirẹ̀

K. F. H. Murrell, onímọ̀ irú iṣẹ́ yìí kan náà ní Bìrìtìkó, fi ọ̀nà kan sílẹ̀ ní 1965 tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ yọ 5 kúrò nínú iye agbára tí iṣẹ́ ń gbà ní ìṣẹ́jú kan, ní kilocalorie. Ẹ yọ 1.5 kúrò nínú iye kan náà. Ẹ pín ti àkọ́kọ́ sí ti ẹ̀ẹ̀kejì, kí ẹ fi ìṣẹ́jú iṣẹ́ sọ ọ́ di púpọ̀. Fún iṣẹ́ tó ń gba 7, bíi kíkó àpò láìdúró: 2 nínú 5.5, ìlọ́po 60. Ó jẹ́ ìṣẹ́jú 22 ìsinmi nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń lọgun bí wọ́n bá gbọ́ iye yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi aago wo àwọn tó ń kó ẹrù láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, ẹ ó rí i pé wọ́n ti ń gbà á: wọ́n ń lọ mu omi, wọ́n ń tún okùn bàtà so, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ara ń gba ohun tó jẹ ẹ́, yálà wọ́n kọ ọ́ sínú ètò tàbí wọn kò kọ ọ́.

Iṣan ń padà bọ̀ sípò kíákíá ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ìsinmi, lẹ́yìn náà ó ń falẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ń ṣe ju ohun tí wákàtí kan lẹ́yìn wákàtí márùn-ún ń ṣe lọ. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan lápapọ̀, àti wákàtí 24 léraléra nínú ọjọ́ méje-méje. Òfin gbà kí a gé wákàtí kan yẹn sí wẹ́wẹ́. Ẹ gé e, ṣùgbọ́n kí oúnjẹ ṣì ní ààyè tirẹ̀.

Ooru ń sọ gbogbo ìṣirò yìí di èyí tó le jù. Lábẹ́ páànù tí kò ní àjà, ọkàn ń pín ẹ̀jẹ̀ fún iṣan àti fún awọ ara tó ń tu ooru dànù, iṣan ló sì máa ń pàdánù. Ife omi kan, bí ìdá mẹ́rin lítà, ní ìṣẹ́jú 15 sí 20. Kó má ju lítà kan àbọ̀ lọ ní wákàtí kan. Kí omi náà wà níbi tí ọwọ́ tó o. Bí ó bá wà lẹ́yìn ọgbà, wọn kò ní lọ. Ẹni tuntun kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kíkún nínú ooru: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní, kí a máa fi 20 kún un lójoojúmọ́. Ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà tó lọ sílé fún ìgbà díẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ ní 50, lẹ́yìn náà 60, 80, 100.

Ẹni tó bá dé láti ilé láìjẹun ní aago mẹ́fà àárọ̀, tí tíì àti búrẹ́dì díẹ̀ sì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ títí di ọ̀sán, glycogen rẹ̀ ti kéré kó tó gbé báàgì kìíní. Ẹ̀kọ àti àkàrà, tàbí ìrẹsì àti ẹ̀wà, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ni ó tọ́ sí i. Ohun kan wà tí kò náni ní owó: nígbà tí ènìyàn bá ti sùn mọ́jú, omi ti wú àwo tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, títẹ̀ba ní wákàtí kìíní lẹ́yìn jíjí sì ń fi ìnira tó pọ̀ jù sí i. Ẹ má fi kíkó ẹrù ilẹ̀ ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣíìfù àárọ̀. Lóru pẹ̀lú, agbára iṣan máa ń kéré ní ìdájí ju ìrọ̀lẹ́ lọ, nítorí náà ẹ má fi ọkọ̀ tó wúwo jù sí aago mẹ́rin òru.

Ohun tí kò ṣiṣẹ́

Bẹ́líìtì ẹ̀yìn. NIOSH wò ó ní 1994, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ó ń dáàbò bo ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní nǹkan. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ "tẹ orúnkún, má tẹ ẹ̀yìn" nìkan, láìyí tábìlì àti ẹrù padà, ìwádìí léraléra ti fi hàn pé kò dín ẹ̀yìn dídùn kù. Ẹni tó ń gbé mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan kò lè máa jókòó lórí orúnkún ní gbogbo ìgbà; iṣan itan rẹ̀ á kọ̀ kí wákàtí kan tó pé.

Eré ìdárayá tó ń fún iṣan lókun ń ranni lọ́wọ́. Ní Denmark, wọ́n fi ìwọ̀n irin kékeré kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ìrora ọrùn àti èjìká sì dín kù. Àkókò iṣẹ́ ni kó ti wáyé. Kò tọ́ kí a ní kí ẹni tó ti gbé tọ́ọ̀nù 16 tún lọ gbé irin nígbà tó bá ń lọ sílé.

Tramadol ń pa ìró tí iṣan fi ń sọ pé ó tó. Àárẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ìpalára ń jinlẹ̀ lọ, ó sì lè fa gìrì. Oògùn ara ríro lójoojúmọ́ pẹ̀lú ara tí kò lómi tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òṣìṣẹ́ tí kò lè parí ṣíìfù láìlo oògùn, ìwọ̀n iṣẹ́ ibẹ̀ ti ju agbára ènìyàn lọ, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ló sì yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè.

Ìgbà tí kì í ṣe àárẹ̀ mọ́

Ìtọ̀ tó dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn iṣẹ́ líle, pẹ̀lú iṣan tó wú tó sì le: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, iṣan ló ń fọ́ tó ń ṣàn lọ sí kíndìnrín. Ẹ̀yìn tó ń dùn wá sí ẹsẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì ń kú, tàbí ìtọ̀ tí kò ṣeé dá dúró tàbí tí kò jáde: bákan náà. Ìka tó ń kú lóru, tó ń jí ènìyàn lójú oorun: kó má dúró di oṣù mẹ́fà kó tó rí dókítà. Ẹni tó bá dákú nínú ooru tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ: ẹ da omi tútù lé e lórí nígbà tí ẹ ń wá ọkọ̀.

Bí iṣẹ́ ló fa ìpalára náà, Òfin Owó Gbà-má-bínú Òṣìṣẹ́ (Employees' Compensation Act) ti 2010 wà fún un, NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún owó ìdójútòfò òṣìṣẹ́, ló sì ń bójú tó o pẹ̀lú owó tí agbanisíṣẹ́ ń san, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù. Òṣìṣẹ́ ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ọjọ́, aago, ohun tí ẹ ń gbé, ìwọ̀n rẹ̀, ibi tó dùn yín, orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ mú ẹ̀dà kan pamọ́ sílé, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó gba ẹ̀dà ti ilé-iṣẹ́ fi ọwọ́ sí tiyín. Bí dókítà bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ sọ fún un pé lẹ́nu iṣẹ́ ni, kí ó kọ bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ìwé dókítà tí kò dárúkọ iṣẹ́ máa ń dá owó náà dúró.